Ọjọ́ Ìdákẹ́jẹ́ ní Bali: Ta Ló Ni Etí Òkun?

Nígbà tí ọkọ àti ìyàwó bá ti fi owó pamọ́ fún ọdún kan tàbí méjì, tí wọ́n sì pinnu láti lọ simi ní erékùṣù kan tí òtútù kì í dé, ohun tí ó máa ń wà lọ́kàn wọn kò ju mẹ́ta lọ: yanrìn, omi òkun, àti ara wọn. Kò sí ẹni tí ó lè bá wọn wí fún èyí. Iṣẹ́ ń gba agbára, ọmọ ń gba oorun, ìlú ńlá ń gba sùúrù. Ó yẹ kí tọkọtaya rí àyè wo ojú ara wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí wọn kì í sábà bi ara wọn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Etí òkun tí wọ́n ń lọ dùbúlẹ̀ sí yìí, ta ló ni ín?

Ní ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹta, ọdún 2023, ọkùnrin kan àti obìnrin kan láti ilẹ̀ Poland rí ìdáhùn ìbéèrè yìí gbà ní ọ̀nà tí wọn kò rò tẹ́lẹ̀. Wọ́n pàgọ́ sí etí òkun ní agbègbè Gianyar, ní erékùṣù Bali tí ó jẹ́ apá kan orílẹ̀-èdè Indonesia. Àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò wá bá wọn, wọ́n ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀, nítorí pé ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ń wà níta. Dípò kí wọ́n dìde, àríyànjiyàn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ inú fídíò, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rí i. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjọba fi lé àwọn méjèèjì kúrò ní orílẹ̀-èdè náà.

Àwọn kan yóò ní ìyà náà pọ̀ jù. Ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sí etí omi, ta ni ó pa lára? Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ohun tí ọjọ́ náà jẹ́ kò ní sọ ọ́.

Nyepi ni orúkọ ọjọ́ náà. Òun ni ọdún tuntun fún àwọn ará Bali, tí púpọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù, oṣù Kẹta ni ó sì sábà máa ń bọ́ sí. Ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú rẹ̀, àwọn ará abúlé a wọ aṣọ funfun, wọn a sì gbé àwọn ohun mímọ́ inú ilé òrìṣà wọn lọ sí etí òkun láti wẹ̀ wọ́n mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò mọ́, àwọn ọ̀dọ́ a gbé ère ràgàjì-ràgàjì tí ojú wọn ń dẹ́rù bani, tí wọ́n ń pè ní ogoh-ogoh, kiri ìgboro pẹ̀lú ìlù àti agogo, wọn a sì dáná sun ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ariwo a gba ìlú kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo erékùṣù náà a pa lọ́lọ́.

Fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, nǹkan mẹ́rin di èèwọ̀: iná títàn, iṣẹ́ ṣíṣe, ìrìn rínrìn, àti fàájì. Kò sí ọkọ̀ ní títì, kò sí ọjà, kò sí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ tẹ yanrìn etí òkun. Pápákọ̀ òfuurufú Ngurah Rai, tí ó jẹ́ ẹnu ọ̀nà àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ láti ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé, a ti ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ kan kò ní gbéra, ọkọ̀ kan kò ní balẹ̀ àfi tí ewu bá dé. Láti ọdún 2018, íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù pàápàá ni wọ́n ń pa lọ́jọ́ náà. Àwọn tí ń ṣọ́ ìlú ni a ń pè ní pecalang, àwọn ọkùnrin àdúgbò tí ń ró aṣọ oníjákà dúdú àti funfun mọ́ ìdí. Aláìsàn àti aboyún tí ń rọbí nìkan ni wọ́n ń fi ọ̀nà sílẹ̀ fún. Àwọn Mùsùlùmí àti Kristẹni tí ń gbé níbẹ̀ náà ń pa ọjọ́ náà mọ́. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, ẹsẹ̀ ni Mùsùlùmí yóò fi rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí tí ó sún mọ́ ọn jù lọ, wọn kò sì ní lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Gbogbo Indonesia ni ó ń gba ìsinmi ọjọ́ náà láti ọdún 1983.

Òǹkàwé tí ó bá dàgbà ní ìlú tí orò ti ń jáde kò nílò àlàyé púpọ̀ pé ìlú lè ti ara rẹ̀ pa. Síbẹ̀ ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó tọ́ kí àwọn tí ń ṣàkóso àṣà nílé níhìn-ín kíyè sí. Nyepi kì í ti obìnrin mọ́lé kí ọkùnrin lè máa rìn. Gómìnà wà nínú ilé rẹ̀, olówó tí ó ni òtẹ́ẹ̀lì wà nínú tirẹ̀, àgbẹ̀ onírẹsì wà nínú tirẹ̀, àlejò tí ó san owó gọbọi náà kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ibi tí ó wọ̀ sí. Bóyá ìdí nìyí tí ohùn àwọn tí ń ráhùn sí i kò fi lágbára. Èèwọ̀ tí ó bá mú ọba tí ó sì mú ẹrú kì í pẹ́ kó tó di ti gbogbo ìlú.

Èwo wá ni ti etí òkun? Àwọn àwòrán tí wọ́n fi ń polówó erékùṣù fún tọkọtaya máa ń fi yanrìn hàn bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀ rí: igi àgbọn méjì, àga gbọọrọ méjì, omi aláwọ̀ ojú ọ̀run. Irọ́ ni àwòrán náà ń pa. Fún ará Bali, ilẹ̀ ayé ní orí ó sì ní ẹsẹ̀. Apá òkè, níbi tí òkè Agung wà, ni ó mọ́ jù lọ. Apá òkun ni ohun àìmọ́ ń gbà lọ. Òkun ni wọ́n ń da eérú òkú wọn sí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sun ún. Òkun kan náà ni wọ́n ti ń wẹ ohun mímọ́ wọn. Láràárọ̀ ni àwọn obìnrin ń gbé ẹbọ kékeré tí wọ́n fi imọ̀ àgbọn hun, tí òdòdó àti ìrẹsì díẹ̀ wà nínú rẹ̀, sí ẹnu ọ̀nà, sí oríta, àti sí orí yanrìn pẹ̀lú. Àlejò a jí ní agogo mẹ́wàá, a fi sálúbàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a sì kọjá lọ. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́ orúkọ Olókun rí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa sọ fún un pé etí omi ní olówó.

Ìtàn etí òkun yìí gan-an kò mọ́ra. Ní ọdún 1904, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Sri Kumala fọ́ sí ẹ̀bá Sanur, ní apá gúúsù erékùṣù náà. Àṣà àtijọ́ wà nígbà náà pé ohun tí òkun bá gbé jáde, ti onílẹ̀ ni. Àwọn ará Holland, tí wọ́n ti gba ilẹ̀ púpọ̀ ní Indonesia, sọ pé wọ́n kó ẹrù ọkọ̀ náà, wọ́n sì ní kí ọba Badung san owó rẹ̀. Ọba kọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1906, ọmọ ogun Holland gúnlẹ̀ sí etí òkun Sanur kan náà, wọ́n sì yan wọ Denpasar. Ní ogúnjọ́ oṣù náà, ọba, àwọn ayaba, àwọn ọmọ àti àwọn ìjòyè jáde ní aṣọ funfun pẹ̀lú ọ̀bẹ ìjà lọ́wọ́, wọ́n rìn tààrà lọ bá ìbọn. Ìbọn pa púpọ̀ nínú wọn; àwọn yòókù fi ọwọ́ ara wọn pa ara wọn. Puputan ni wọ́n ń pe irú ikú bẹ́ẹ̀, gbàgede tí ó ń jẹ́ orúkọ náà sì wà láàrin Denpasar títí di òní.

Òótọ́ ni pé àṣà gbígba ẹrù ọkọ̀ tí ó fọ́ kò dára fún olókòwò, kò sì sí ẹni tí ó ń fẹ́ kí ó padà wá. Ohun tí ó yẹ ní kíkíyèsí ni ohun tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn aṣẹ́gun náà ni wọ́n kọ́kọ́ ta Bali fún ayé gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbádùn. Ní ọdún 1928 wọ́n ṣí òtẹ́ẹ̀lì kan sí Denpasar, nítòsí ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ti ta sílẹ̀. Nígbà tí Indonesia gba òmìnira tán, ìjọba tirẹ̀ náà kọ́ òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́wàá sí etí òkun Sanur, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1966. Ojú ti àwọn ará Bali nígbà tí wọ́n rí ilé tí ó ga ju ilé òrìṣà àti igi lọ. Wọ́n ṣe òfin: kò gbọdọ̀ sí ilé tuntun tí yóò ga ju igi àgbọn lọ, ìyẹn mítà 15. Inú ẹni dùn sí òfin tí igi wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n.

Ní ọdún 2024, àlejò ilẹ̀ òkèèrè tí ó wọ Bali ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ. Àwọn onílé kò tó mílíọ̀nù márùn-ún. Láti oṣù Kejì ọdún náà ni wọ́n ti ń gba 150,000 rupiah lọ́wọ́ àlejò kọ̀ọ̀kan fún ìtọ́jú àṣà àti àyíká. Erékùṣù tí owó àlejò ń bọ́ báyìí, tí ó sì tún lè ti pápákọ̀ rẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan lọ́dọọdún, kì í ṣe erékùṣù tí ó kàn ń ṣe agídí. Ọjọ́ kan yìí ni ó fi ń sọ pé òun kò tí ì ta gbogbo ara òun.

Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí gbogbo ẹ̀bi lọ sí ọrùn tọkọtaya. Àwọn tí ń ta ìrìn-àjò ni wọ́n ń ta yanrìn láìta òfin rẹ̀. Oṣù Kẹta ni wọ́n kọ sórí ìwé, wọn kò kọ Nyepi. Ní Bali fúnra rẹ̀, àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan ti rí èrè nínú ìdákẹ́jẹ́ náà: wọ́n ń tà á pọ̀ mọ́ oúnjẹ àti odò ìlúwẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn ògiri, bí ẹni ń ta ọdún Eégún lórí àtẹ. Àwọn onílé kan náà sì ń ta oko ìrẹsì bàbá wọn kí wọ́n lè kọ́ ilé àlejò sí i. Àwọn méjì tí wọ́n lé lọ ní 2023 jẹ̀bi, nítorí pé wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu onílé wọ́n sì jiyàn. Ẹni tí kò gbọ́ rárá yàtọ̀ sí wọn, ìkìlọ̀ sì tó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Tọkọtaya tí ó bá fẹ́ lọ kò nílò láti sá fún oṣù Kẹta. Kí wọ́n lọ, kí wọ́n fa aṣọ fèrèsé, kí wọ́n jẹ oúnjẹ tútù, kí wọ́n sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Ìràwọ̀ pọ̀ lójú ọ̀run Bali lóru ọjọ́ náà ju ọjọ́ mìíràn lọ, nítorí pé iná kankan kò sí nílẹ̀. Agogo mẹ́fà òwúrọ̀ yóò lù, ọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àwọn ará ilé yóò máa bẹ ara wọn wò láti tọrọ àforíjì fún ẹ̀ṣẹ̀ ọdún tí ó kọjá. Ní Sanur, àwọn apẹja yóò ti ọkọ̀ wọn sínú omi. Obìnrin kan yóò gbé ẹbọ rẹ̀ sórí yanrìn, yóò bu omi wọ́n ọn, yóò sì padà sílé. Lẹ́yìn náà ni àlejò lè tẹ́ ẹní rẹ̀.