Ogunléndé Ni Wọ́n, Ẹ Kọ Orúkọ Wọn Sílẹ̀

Ẹni tó sá kúrò lábúlé oko rẹ̀ lẹ́yìn Ute torí pé àwọn ajínigbé ti gba ojú ọ̀nà, tó wá ń sùn ní pálọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ láti ọdún kejì, kì í ṣe àlejò. Kò wá kí wọn. Kò wá ṣọdún Igógo. Ogunléndé ni, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ tó kó dání.

A sọ èyí fún òṣìṣẹ́ ìjọba kan, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí camp níbí, pé ibi tí kò bá ti sí camp, kò sí ogunléndé. Ó ní Bornó la ti ń rí wọn. Èsì yẹn ló bí àpilẹ̀kọ yìí, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń ronú bẹ́ẹ̀. Bí ìjọba wa ṣe ń ronú nìyẹn, àtàwa aráàlú náà: tí a ò bá tíì rí àgọ́ funfun tí wọ́n kọ orúkọ àjọ òyìnbó sí lára, a kì í gbà pé wàhálà lé ẹnikẹ́ni.

Àwa tí à ń kọ̀wé yìí, ọmọ Ute àti àwọn abúlé tó yí i ká ni wá, kọ̀ǹpútà sì ni iṣẹ́ wa. Ohun kan tí iṣẹ́ yìí ti fi yé wa ni pé database kì í sábà purọ́. Ó kàn máa ń dákẹ́ ni. Tí ẹni tó ṣe é ò bá fi àyè sílẹ̀ fún irú ènìyàn kan, irú ènìyàn yẹn ò ní jáde nínú èsì kankan láé, ọ̀gá tó ń wo èsì l'Ábújá á sì máa rò pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Òdo ló máa rí. Òdo yẹn ò túmọ̀ sí pé kò sí ènìyàn níbẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò sẹ́ni tó béèrè.

Ẹ wo ohun tí wọ́n kà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, wọ́n yìnbọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adeusi, ní Elegbeka, nígbà tí kábíyèsí ń padà bọ̀ láti Àkúrẹ́. Gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé e. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa bí 40 ènìyàn. Gbogbo ayé gbọ́. Wọ́n ka òkú, wọ́n ka àwọn tó fara gbọgbẹ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ méjèèjì yẹn, àti lẹ́yìn wọn, ìrìn mìíràn ń lọ tí kò láriwo. Àgbẹ̀ kan á di ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà láàárọ̀, á kúrò. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, aládùúgbò rẹ̀ náà á kúrò. Ẹ rò ó wò: tí wọ́n bá lè pa ọba aládé nínú mọ́tò lójú títì, kí ni ẹni tó ń gun ọ̀kadà lọ sóko kòkó máa sọ fún ara rẹ̀?

Kòkó ò ṣeé gbé dání. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn wá jù nìyẹn. Oníṣòwò lè kó ọjà rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Igi kòkó á tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so, tó bá sì bẹ̀rẹ̀, ó lè bọ́ ìdílé fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí a bá fi í sílẹ̀ fún ọdún méjì péré láìro ó, láìfín oògùn sí i, igbó á bò ó, àfòmọ́ á gùn ún, àrùn tó ń sọ èso di dúdú á jẹ ẹ́ run. Ohun tí ẹni náà pàdánù kì í ṣe ìkórè ọdún kan. Iṣẹ́ ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni. Nígbà tó bá wá dé Ọ̀wọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ru búlọ́ọ̀kù, tàbí tó ń gun ọ̀kadà tí kì í ṣe tirẹ̀, àwọn ènìyàn á ní ‘ó kúkú ti rí nǹkan ṣe’. Rí nǹkan ṣe kẹ̀!

Òfin àgbáyé náà dá kún un. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Geneva lọ́dún 1951 sọ pé ogunléndé ni ẹni tó ti jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ torí ìbẹ̀rù inúnibíni. Èyí tí àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà ṣe lọ́dún 1969 gbòòrò ju ìyẹn lọ, ó ka ogun àti rògbòdìyàn mọ́ ọn, àmọ́ ó ṣì ní kí ènìyàn kọjá ẹnubodè. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ò béèrè ìyẹn. Ogun lé ọ, o dé: ó tán. Kò sẹ́ni tó béèrè páálí lọ́wọ́ àwọn Ẹ̀gbá nígbà tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó lọ́dún 1830, lẹ́yìn tí ogun ti run ìlú wọn. Kò sẹ́ni tó bi ará Ìjàyè bóyá ó ti kọjá ààlà nígbà tí ìlú rẹ̀ fọ́ lọ́dún 1862.

Áfíríkà padà wá gbà pé èdè wa tọ̀nà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009, ní Kampala, wọ́n ṣe àdéhùn fún àwọn tí wàhálà lé kúrò nílé ṣùgbọ́n tí wọn ò kúrò nínú orílẹ̀-èdè wọn. Nàìjíríà gbà á wọlé ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà. Ẹ ka abala 13 rẹ̀. Ó ní kí ìjọba ṣí ìwé orúkọ gbogbo àwọn tó wà nírú ipò yìí, kí wọ́n máa tún un ṣe bí nǹkan bá ṣe ń yí padà, kí wọ́n sì fún wọn ní àwọn ìwé tí wọ́n nílò. Gbogbo wọn ló wí. Kò ní kí wọ́n kọ́kọ́ wà nínú àgọ́. Abala 9 tiẹ̀ ní kí ìrànwọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ìlú tó gbà wọ́n sílé níbi tó bá ti yẹ. Àbúrò ìyá yẹn tó ni pálọ̀ ní Ọ̀wọ̀, òun náà wà nínú àdéhùn, kò kàn mọ̀ ni.

Ọgbọ́n àrékérekè tó wà níbẹ̀ ni pé abala 12 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé àdéhùn pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn ò lágbára òfin títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ á fi sọ ọ́ dòfin. Torí náà ìjọba lè fọwọ́ sí i níwájú kámẹ́rà kó sì tọ́jú rẹ̀ sí dúróà. Lọ́dún 2021 ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ètò ìlànà kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ètò ìlànà dáa, àmọ́ ẹ gbìyànjú kí ẹ gbé e lọ kóòtù.

Láti ọdún 2014 ni àjọ IOM ti ń ka àwọn tí wàhálà lé ní àríwá ìlà-oòrùn: Bornó, Adamawa, Yobe, Bauchi, Gombe, Taraba. Lẹ́yìn náà wọ́n mú un dé Benue, Plateau, Katsina, Zamfara àtàwọn mìíràn lókè ọ̀hún. Inú wa ò bàjẹ́ sí ìyẹn o. Ìyà tó jẹ Bornó pọ̀ ju tiwa lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kéde pé mílíọ̀nù 75.9 ènìyàn ló wà nírú ipò yìí káàkiri ayé ní ìparí ọdún 2023, ta ló ka ará Ute tó wà ní pálọ̀ mọ́ ọn?

Àwọn kan á ní, ṣebí ẹbí ń tọ́jú wọn, kí lẹ tún fẹ́? A mọ ẹbí. Ẹbí ni ìkòkò tó ń bọ́ ẹni márùn-ún tẹ́lẹ̀ tó wá di ti ẹni mọ́kànlá. Ìjọba ti sọ inú rere àwọn ará Ọ̀wọ̀ di ara ètò ìsúná rẹ̀ láìbi wọ́n léèrè. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọn á ní ‘ẹ máa bọ̀, ilé yín ni’. Lọ́dún kẹta, ohùn á yí padà, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ìtàn tiwa gan-an ti fi ibi tó máa ń já sí hàn wá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé dé Ifẹ̀ ni wọ́n di Modákẹ́kẹ́. Wọ́n gbà wọ́n, wọ́n fún wọn níbi tí wọ́n máa gbé, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ ò tán, ta ló nilẹ̀ ò tán, ta ni àlejò ò tán. Ó lé ní àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn náà, láàárín 1997 sí 2000, wọ́n ṣì ń pa ara wọn lé e lórí. Nígbà tí kò bá sí àkọsílẹ̀ bí ẹnì kan ṣe dé àti ohun tí wọ́n jọ sọ, ọmọ ọmọ wọn ló máa jà á.

Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni ti orúkọ ayédèrú. Tí ẹ bá ṣí ìwé, wọ́n ní, àwọn olóṣèlú á kọ orúkọ ìyá ìyá wọn síbẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n á gbìyànjú ẹ̀. Orúkọ ayédèrú wà nínú ìwé owó oṣù ìjọba náà, wọn ò sì torí ìyẹn fagi lé owó oṣù. Ti ogunléndé tiẹ̀ rọrùn láti yẹ̀ wò: ẹni tó bá ní abúlé báyìí lòun ti wá, baálé abúlé yẹn wà láyé, aládùúgbò rẹ̀ wà ní Ọ̀wọ̀ ń ta gààrí, ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀ sì mọ iye àpò tó ń kó wá lọ́dọọdún.

Èyí tó le ni ti ẹni tí oko rẹ̀ wà nínú igbó ọba. Ọ̀pọ̀ ló ń dáko níbẹ̀ láìní ìwé tó dúró. Irú wọn á sá fún ìforúkọsílẹ̀, wọn á rò pé pàkúté ni. Torí náà ó gbọ́dọ̀ wà nínú òfin ìpínlẹ̀ Oǹdó pé ohun tí ènìyàn bá sọ níbẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ fi bá a ṣẹjọ́ ilẹ̀. Bákan náà, ìwé ọ̀hún ò gbọdọ̀ máa rìn káàkiri lórí WhatsApp. Orúkọ àwọn tó ń múra àtipadà sóko, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn, ọjà gidi ni lọ́wọ́ ajínigbé. Àwa tí a mọ bí data ṣe ń jò lórílẹ̀-èdè yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ pariwo ìyẹn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2021, gómìnà ìgbà náà, Rótìmí Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀, fún àwọn darandaran ní ọjọ́ 7 láti kúrò nínú igbó ọba. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ó fọwọ́ sí òfin tó ka fífi ẹran jẹ̀ káàkiri léèwọ̀. Àmọ̀tẹ́kùn ti wà nílẹ̀ láti ọdún 2020. Ọ̀pọ̀ wa pàtẹ́wọ́, ó sì nídìí. Ṣùgbọ́n àṣẹ yẹn sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ jáde; kò sọ bí ẹni tó ti sá ṣe máa padà wọlé. Tí àgbẹ̀ ò bá padà sóko, ajínigbé ti borí, kódà bí kò bá sí nínú igbó mọ́.

Ohun tí a fẹ́ sọ báyìí ò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú yín. Fúlàní tí wọ́n bí síbí, tí kò jí ẹnikẹ́ni gbé, tó sá torí ìbẹ̀rù pé wọ́n á gbẹ̀san lára rẹ̀, orúkọ tirẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé yẹn. Ọ̀daràn, ẹ mú un, ẹ gbé e lọ kóòtù. Iṣẹ́ ọlọ́pàá nìyẹn. Ìwé tó bá ń wo ilà ojú kó tó kọ orúkọ, ó ti kọ́ bó ṣe máa fo tiwa náà. Ẹ bi àwọn Yorùbá tí wọ́n bí sí Ghana, tí ìjọba Busia fún ní ọjọ́ 14 ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí wọ́n gbàwé ìgbélùú tàbí kí wọ́n máa lọ. Lọ́dún 1983 Nàìjíríà ṣe é fún àwọn ará Ghana, àpò ‘Ghana must go’ sì ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù nílé gbogbo wa.

Kí la wá fẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe app. Tí ẹnì kan bá ti Èkó dé pẹ̀lú app tó fẹ́ fi gbowó lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, ẹ lé e padà. A mọ irú wọn, a jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Nẹ́tíwọọ̀kì kì í dúró ní ọ̀pọ̀ abúlé wa, fóònù tọ́ọ̀ṣì ló sì pọ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ìwé ńlá kan ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìfọ́n, òmíràn ní Ọ̀wọ̀, àti òṣìṣẹ́ méjì tó máa jókòó tì í lọ́jọ́ ọjà. Orúkọ, abúlé tó fi sílẹ̀, oṣù tó kúrò, ohun tó gbìn síbẹ̀, ibi tó ń sùn báyìí, ọmọ mélòó ló kúrò níléèwé. Tí ìyẹn bá ti wà, àwa á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì tì í pa dáadáa.

Ìdìbò náà wà ńbẹ̀. Òfin ètò ìdìbò ọdún 2022 sọ pé kí INEC rí i, débi tó bá ṣeé ṣe, pé ẹni tí wàhálà lé kúrò nílé ò pàdánù ìbò rẹ̀. Báwo ni INEC ṣe máa wá ẹni tí kò sí nínú ìwé kankan rí? Àwọn káńsẹ́lọ̀ tó ń bọ̀ wá béèrè ìbò lọ́wọ́ wa, ìbéèrè wa fún wọn ò pọ̀: ọjọ́ wo lẹ máa ṣí ìwé náà? A ti ní orúkọ àwọn àkọ́kọ́ lọ́wọ́, ti àwọn tó gbà ká kọ ọ́. A ò ní gbé e sórí ayélujára. Ọ́fíìsì tó máa gbà á lọ́wọ́ wa là ń wá.