Ọ̀gá Tó Ní "Mo Ṣe Àṣìṣe" Kò Tẹ́

Ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò ní ibi iṣẹ́ wa ní Ilé-Ifẹ̀, láti ọ́fíìsì Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ títí dé ìsọ̀ àwọn aránṣọ ní Lágere: pé ọ̀gá kì í sọ pé òun kò mọ̀, ọ̀gá kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́. Wọ́n ní bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn á rí i fín. Mo ní irọ́ ni, irọ́ tó ń ba iṣẹ́ jẹ́, tó sì lè pa èèyàn.

Ẹ wo bó ṣe ń rí. Nǹkan dàrú ní ẹ̀ka kan. Ọ̀gá mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé àṣẹ tí òun pa kò yé ẹnikẹ́ni. Kò ní pe ọmọ iṣẹ́ náà jókòó. Kúẹ́rì ló máa kọ sí i, kó ṣàlàyé láàárín wákàtí 24 ìdí tí a kò fi ní fìyà jẹ ẹ́. Ọmọ iṣẹ́ á wá ẹni tó mọ òyìnbó kọ, wọ́n á jọ gbé èsì aládùn kalẹ̀, ìwé á wọ fáìlì. Ta ló wá mọ ohun tó bàjẹ́ gan-an? Kò sẹ́ni. N kò sọ pé kí kúẹ́rì kásẹ̀ nílẹ̀ o. Ẹni tó jalè nílò ìwé. Kúẹ́rì tí a fi ń sá fún ọ̀rọ̀ ojúkojú ni mo ń bá jà.

Wọ́n á ní àṣà Yorùbá ni pé kí ọ̀gá má gba àṣìṣe. Àṣà wo? Ṣebí ìlú wa yìí gan-an ni òwe dárúkọ: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó bá gun Òkè Ìtasẹ̀ lọ gbọ́ Ifá yóò rí i pé nínú ọ̀pọ̀ ẹsẹ, Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀ ni ìdààmú bá, òun ló sì gbéra lọ bá àwọn awo mìíràn, tó ní kí wọ́n yẹ òun lóókan ìbò wò. Ẹlẹ́rìí ìpín bèèrè, ọlá rẹ̀ kò dín. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Ẹ tún wo ọba wa: Ọọ̀ni Adéyẹyè Ògúnwùsì gba ọ̀pá àṣẹ ní oṣù Kejìlá ọdún 2015. Oṣù méjì kò tíì pé, ní oṣù Kíní ọdún 2016, tó fi lọ bá Aláàfin Làmídì Adéyẹmí ní Ọ̀yọ́. Àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé ó ti tó ọdún 79 tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn. Ààfin méjèèjì ti ń bá gbọ́nmi-sí-i-omi-ò-tó bọ̀ lórí ẹni tó ga jù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí ìtẹ́ ló kọ́kọ́ dìde. Ta ló lè sọ pé adé Ifẹ̀ rẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà?

Ibi tí ọ̀gá kò ti gba ìbéèrè, ayé ti rí àbájáde rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, ọkọ̀ òfuurufú KLM àti ti Pan Am kọlu ara wọn nínú kùrukùru ní erékùṣù Tenerife. Èèyàn 583 ló kú. Jacob van Zanten tó wa ọkọ̀ KLM kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ náà. Òun ló ń kọ́ àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ gbéra, ẹni tó ń mójú tó ẹ̀rọ bèèrè bóyá Pan Am kò tíì kúrò lọ́nà. Ọ̀gá fi ìdánilójú dá a lóhùn pé ó ti kúrò. Ẹni tó bèèrè dákẹ́. Rédíò tí kò dún geerege náà dá kún un, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ yẹn ló ń dùn mí jù. Bákan náà ni ní ilé ìwòsàn: nọ́ọ̀sì tó rí i ní wọ́ọ̀dù pé oògùn tí dókítà àgbà kọ ti pọ̀ jù, ṣé yóò lè sọ ọ́, bí kò bá tíì gbọ́ kí dókítà náà ní "mo lè ṣì í kọ, ẹ máa bá mi wò ó" rí?

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ó ní ẹ̀rù yín kò ní ba àwọn ọmọ iṣẹ́ mọ́. Àṣìṣe tí ẹ ń bò, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Òun ni wọ́n ń sọ níbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán.

N kò ní kí ẹ máa ro ẹjọ́ gbèsè àti ìjà ilé yín fún ọmọ iṣẹ́. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, kì í ṣe níwájú oníbàárà. Bó bá jù yín lọ lọ́jọ́ orí, ẹ bá a sọ̀rọ̀ bí àgbà, ipò kò pa ìyẹn rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹ̀yin ti kùnà. Ẹ sọ ohun tí ẹ fojú rí: "o pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí" yàtọ̀ sí "ọ̀lẹ ni ọ́". Kí ẹ wá jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Bó bá jẹ́ pé àṣẹ yín ni kò yé e, ẹ gbà fún un, kí ẹ sì tún àṣẹ náà pa lójú gbogbo àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́.