Òdo tó wà lójú mítà

Obìnrin kan tó ń ta omi tútù ní Ìyànà Ìbà ṣí fírísà rẹ̀ fún mi. Aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ ló kó sínú rẹ̀, kí èkúté má baà jẹ ẹ́. Yìnyín ló ń rà báyìí. Torí pé kò sí iná, mítà rẹ̀ kò sún rárá lóṣù tí mo lọ bá a.

Òdo yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tó bá ń ka mítà kó lè mọ iye iná tí Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò nílò yóò ka òdo obìnrin yìí mọ́ ti ilé tí wọ́n tì pa torí pé onílé rìnrìn àjò. Àròpọ̀ á kéré. Tiransifọ́mà tí wọ́n bá fi ìṣirò náà rà á kéré, á jó, òdo á tún pọ̀ sí i.

Bí òdo ṣe jẹ́ ààlà nísàlẹ̀, ààlà wà lókè náà. Ní 2020, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà, fi gbèdéke sí bíìlì àfojúdá tí wọ́n ń fún ẹni tí kò ní mítà. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí bíìlì náà ti fojú mẹ̀kúnnù rí màbo. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fa omi àti ẹni tó ní gílóòbù méjì péré lè gba bíìlì kan náà. Èwo la fẹ́ fi mọ ohun tí wọ́n lò?

Ní 1958, James Tobin, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, rí irú òdo yìí: ọ̀pọ̀ ìdílé ni kì í ná kọ́bọ̀ sórí ohun èlò olówó ńlá láàárín ọdún. Kò yọ wọ́n sọnù, kò sì kà wọ́n sí ọgbọọgba: ẹnì kan ti kù díẹ̀ kó rà, ti ẹlòmíràn ṣì jìnnà. Ó pa iye àwọn tó wà ní òdo pọ̀ mọ́ ohun tí àwọn tó rà ná, ó sì fi díwọ̀n ohun tó fara sin. Tobit ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà.

Tobit nìkan kò tó wa. Ẹni tí kò rówó ra káàdì iná àti ẹni tí iná ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òdo ni mítà àwọn méjèèjì kà. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n máa kọ wákàtí tí iná fi wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí mítà kà. Wákàtí 20 lóòjọ́, ó kéré tán, ni ìlérí Bándì A, ìpele oníbàárà iná tó ga jù; 4 ni ti Bándì E, èyí tó kéré jù. Ẹ jẹ́ ká mọ èyí tó dé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) tó ń gbé láàárín wa lè bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní, pẹ̀lú bírò àti ìwé kan.

Mo bi ìyá olómi náà pé bí iná bá wà ńkọ́. Ó nawọ́ sí yàrá ẹ̀yìn. Fírísà kejì wà níbẹ̀.