Irọ́ Ni Pé Ẹni Tuntun Kò Lè Ṣe Géèmù Mọ́tò Gidi

Ẹ̀yin ará Afijió, pàápàá ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín kì í gbé kọ̀ǹpútà kúrò lórí itan, ọ̀rọ̀ kan ti di òfin láàárín wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní géèmù eré mọ́tò, irú èyí tí mọ́tò inú rẹ̀ ń ṣe bíi mọ́tò gidi, iṣẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ olówó ìlú òkèèrè ni. Pé ọmọ Fìdítì tàbí Ìlọràá tó bá dán an wò kàn ń fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣòfò ni. Irọ́ gbuu!

Ní 1984, Geoff Crammond, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì, gbé géèmù eré mọ́tò Revs jáde. Kò tí ì ṣe irú rẹ̀ rí. Ti ọkọ̀ òfuurufú ló ti ṣe. Ìrántí kọ̀ǹpútà BBC Micro tó lò kò ju kilobyte 32 lọ. Fóònù gigabyte 4 tó wà lápò ọlọ́kadà Jóbẹ̀lẹ́ lónìí jù ú lọ ní ìlọ́po tó lé ní 100,000. Síbẹ̀, ẹni tó bá ya kọ́nà pápá eré mọ́tò Silverstone ní ìyàkuyà nínú Revs, inú koríko ni yóò bára rẹ̀.

Géèmù mọ́tò Live for Speed náà dé ní 2002, ẹni mẹ́ta péré ló ṣe é: Scawen Roberts, Eric Bailey àti Victor van Vlaardingen. Ní Ítálì, Stefano Casillo nìkan ló bẹ̀rẹ̀ géèmù netKar. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Kunos Simulazioni ti hù ní 2005, àwọn ló sì ṣe Assetto Corsa ní 2014.

Ẹ ó ní Gran Turismo ńkọ́, tó gba nǹkan bí ọdún márùn-ún kó tó jáde ní 1997, pẹ̀lú owó Sony lẹ́yìn rẹ̀? Òótọ́ ni. Owó ń ra ọ̀pọ̀ mọ́tò àti àwòrán tó ń dán. Ṣùgbọ́n táyà ni wọ́n fi ń mọ géèmù mọ́tò gidi. Ẹ wo píkọ́ọ̀pù tó kó ọsàn Fìdítì. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì kó tó dé kọ́nà, ìwúwo á rọ́ síwájú, táyà iwájú á di ọ̀nà mú, ti ẹ̀yìn á fúyẹ́. Bó bá wá tẹ̀ ẹ́ lójijì láàárín kọ́nà, ìdí mọ́tò á gbá síta, ọsàn á dà sígbó. Ohun tí kóòdù ń ṣírò nìyẹn, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hans Pacejka, ará Netherlands, ti gbé ìṣirò táyà kalẹ̀ tipẹ́, ó wà nínú ìwé. Godot tí wọ́n fi ń kọ géèmù, ọ̀fẹ́ ni.

Maliyo Games tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ní 2012 l'Ékòó ti ṣe Okada Ride. Eré lásán nìyẹn o, kì í ṣe ti físíìsì. Mi ò ní purọ́ kí n lè jàre. Bí mo ṣe mọ̀, àyè ti físíìsì yẹn ṣì ṣófo nílé, ẹni tó bá tètè dé ló ni ín.

Ohun tó ń pa ẹni tuntun ni kó fẹ́ ṣe àádọ́ta mọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà. Mọ́tò kan tó: píkọ́ọ̀pù ọlọ́sàn. Ọ̀nà kan tó: ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ àtijọ́, láti Fìdítì dé Ìlọràá. Ta ló mọ kòtò ibẹ̀ ní Tokyo níbi tí wọ́n ti ṣe Gran Turismo?

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà jókòó tì yín. Ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì, ẹ dá a lóhùn bó bá béèrè. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba kọ̀ǹpútà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.