Ẹ Jẹ́ Ká Sọ Ọ́ Síta: Oògùn Ti Dínà Mọ́ HIV

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti kéde fáyé gbọ́ pé àrùn éèdì ló pa àbúrò òun, Fẹlá olórin. Ìtìjú ńlá ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn, ó sì sọ ọ́. Ìròyìn tó wà lọ́wọ́ wa lónìí, ayọ̀ ni. Kí ló dé tá a fi ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́?

Ìròyìn náà nìyí: ẹni tó ní HIV, kòkòrò tó ń fa éèdì, tó ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, tí kòkòrò náà sì ti dín kù débi pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò rí i mọ́, kò lè kó o ran ẹni tó bá bá a lò pọ̀. Kò lè kó o ràn án rárá.

Ìwádìí PARTNER ní ilẹ̀ Yúróòpù tẹ̀lé àwọn olólùfẹ́ tí ọ̀kan ní kòkòrò náà, tí èkejì kò ní, tí wọn kì í sì í lo kọ́ńdọ̀mù. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2016, wọ́n ti bá ara wọn lò pọ̀ tó nǹkan bí ìgbà 58,000. Kò sẹ́ni tó kó o lára olólùfẹ́ rẹ̀ tó ń lo oògùn. Apá kejì ìwádìí náà, lọ́dún 2019, fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Oògùn kì í lé kòkòrò náà tán lára o. Ńṣe ló ń dá a lẹ́kun kó má lè pọ̀ sí i. Téèyàn bá dá a dúró, kòkòrò á tún gbérí. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìmọ̀ràn nọ́ọ̀sì, torí ewu ti ọmú dín kù gan-an ni, kò tíì tán.

Ẹ wá wo ohun tí ìtìjú ń ṣe. Obìnrin á gba oògùn tán, á bó bébà ara ìgò kó tó wọ mọ́tò, á ki òwú sínú rẹ̀ kó má baà máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú báàgì. Tí ìyá ọkọ bá wá kí wọn, kò ní lò ó lọ́jọ́ náà, bóyá títí màmá á fi padà sílé. Oògùn tí kò lò yẹn gan-an ni kòkòrò ń wá. Àwa tá à ń ya abọ́ àti ife sọ́tọ̀ la wá ń fọwọ́ ara wa fa ewu tá a láwa ń sá fún!

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ààfáà tẹ́ ẹ máa ń béèrè èsì àyẹ̀wò kẹ́ ẹ tó so tọkọtaya pọ̀, ẹ má fi bébà kan tú àfẹ́sọ́nà ká mọ́. Ẹ ní kí àwọn méjèèjì jọ lọ rí dókítà. Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, òfin Nàìjíríà ọdún 2014 kò gbà yín láyè láti fi àyẹ̀wò HIV ṣe gbèdéke iṣẹ́. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ má kàn kọ iye kòkòrò sínú fáìlì kẹ́ ẹ sì pa á dé. Ẹ pe aláìsàn jókòó, ẹ ṣàlàyé ohun tí nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí fún ìgbéyàwó rẹ̀. Ìwọ tó o sì ń lo oògùn, bí wọn ò bá sọ fún ọ, béèrè: “Mélòó ni kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ mi báyìí?” Má kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi dá ọ lóhùn.