Owó ilé-ìwé wà l'Ábùújá, ṣùgbọ́n okùn tí wọ́n fi dè é le

Bí ìjì bá ṣí òrùlé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Fìdítì tàbí Ìlọra lónìí, ohun táwọn òbí yóò kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Owó tíjọba àpapọ̀ ń yà sọ́tọ̀ fún ilé-ìwé dà?" Ìbéèrè tó tọ́ ni. Owó ọ̀hún wà, àmọ́ kì í ṣe èyí tí ọ̀gá ilé-ìwé lè nawọ́ mú, alága ìjọba ìbílẹ̀ Àfijìó pàápàá kò lè jókòó sí Jọbẹlẹ kó máa pín in.

Òfin UBE ọdún 2004 ló ní kíjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó kéré tán. Àjọ UBEC ló ń tọ́jú ẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gbà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dá ìdajì owó iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Bí Ìbàdàn ò bá mú tiẹ̀ wá, Àbùújá ò ní í mú tiẹ̀ jáde. Àìmọye ìgbà ni UBEC ti ké gbàjarè pé ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà wà nílẹ̀ táwọn ìpínlẹ̀ ò wá gbé.

Ká tiẹ̀ ní wọ́n gbé e, wọn ò lè ná an bó ṣe wù wọ́n. UBEC gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe. Kíláàsì àti àga ló ń kó èyí tó pọ̀ jù, ìwé kíkà àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tíṣà ń gba ìwọ̀nba. Owó-oṣù tíṣà ò sí níbẹ̀ rárá, ara owó ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ti ń san ìyẹn. Ilé-ìwé tí tíṣà kan ṣoṣo ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta lè rí kíláàsì kẹrin gbà, kó má rí tíṣà kejì. Àwọn olóṣèlú ò sì kórìíra bẹ́ẹ̀, ṣebí ara ògiri ló ṣeé kọ orúkọ sí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí wọ́n tú okùn náà pátápátá, kó rántí ọdún 1991. Ìjọba Babangida kó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ni gbèsè owó-oṣù bá gorí ara wọn, títí wọ́n fi dá àjọ tó ń bójú tó o padà lọ́dún 1993. Abájọ tí ara ẹgbẹ́ NUT ò fi balẹ̀ nígbà tí Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní, lóṣù keje ọdún 2024, kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa bọ́ sọ́wọ́ wọn tààrà.

Amẹ́ríkà náà ń bá irú ẹ̀ fà á. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015 gba àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti mú lára owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tíṣà kún owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́dọ̀ mú tàwọn ọmọ mẹ̀kúnnù lọ síbòmíràn. Wọ́n tú u níbì kan, wọ́n so ó le níbòmíràn. Irú ẹ̀ ò burú fún wa.

Kó tó dìgbà náà, àwọn òbí tó wà nínú ìgbìmọ̀ SBMC ilé-ìwé wọn lè béèrè lọ́wọ́ SUBEB: ilé-ìwé Àfijìó wo ló wà nínú ìwé iṣẹ́ tọdún yìí, èló ni wọ́n kọ síwájú ẹ̀, ta ló sì gba kọngílá náà? Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri sẹkitéríàtì ní Jọbẹlẹ, níbi tójú gbogbo èèyàn yóò ti tó o.