Kí Òfin Dáàbò Bo Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ní Èkó

Ẹ̀yin òbí ní Kétu, Ìkòsì àti Máìlì 12, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ọ̀rọ̀ àpò yín ni.

Ní 2011, ìjọba Èkó gbé owó tí àwọn ọmọ tuntun máa san ní LASU, fásitì ìpínlẹ̀ Èkó, kúrò ní ₦25,000. Èyí tó kéré jù di ₦193,750, èyí tó ga jù di ₦348,750. Ìyá tó ń ta tòmátò ní Máìlì 12, tí ọjà inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè jẹrà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ibo ni yóò ti rí i? Àwọn ọmọ tó ń wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò gbà. Wọ́n wọ́de títí, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ 2014, ìjọba gómìnà Fáṣọlá dá owó náà padà sí ₦25,000. Ariwo wọn ló ṣe é.

Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláṣẹ ń fẹ́ dí. Ní 2016, àwọn ọmọ Yunifásítì Èkó, Akọkà, wọ́de nítorí iná àti omi. Àwọn aláṣẹ ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1978 ńkọ́, tí ìjọba ológun fi kún owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́? Ìbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Akíntúndé Ojo, ní Èkó níhìn-ín, ìjọba fòfin de NUNS, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo Nàìjíríà, wọ́n lé ààrẹ rẹ̀, Ṣẹ́gun Òkèowó, kúrò ní fásitì. Agbẹjọ́rò Gàní Fawẹ̀hìnmi gbèjà àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Orúkọ Gàní yìí náà la fi sọ páàkì Ọjọ́ta, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ wa. Ibẹ̀ ni ogunlọ́gọ̀ èèyàn ti kóra jọ ní oṣù kìn-ín-ní 2012 nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo.

Àwọn kan á ní ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń bí ẹgbẹ́ òkùnkùn. Irọ́ ni. Lóru ọjọ́ 10 oṣù keje 1999, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ya wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní fásitì Ifẹ̀, wọ́n pa ọmọ márùn-ún. George Ìwílàdé, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá ẹgbẹ́ òkùnkùn jà, wà lára àwọn tí wọ́n pa. Òótọ́ ni pé àwọn olórí kan ń gbowó lọ́wọ́ olóṣèlú, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ìbò ni kí àwọn ọmọ fi lé irú wọn. Kí ni ti títú ẹgbẹ́ ká?

Abala 40 òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti kẹ́gbẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni àwọn fásitì LASU, LASUED àti LASUSTECH tó wà ní Ìkòròdú. Kí Ilé Aṣòfin Èkó kọ ọ́ sínú òfin àwọn fásitì yìí pé gíwá kankan ò gbọdọ̀ dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ dúró láì jẹ́ pé ilé-ẹjọ́ pàṣẹ. Kòsọ́fẹ́ ní aṣòfin méjì ní ilé náà. Ẹ lọ bá wọn báyìí, kí wọ́n tó tún wá tọrọ ìbò yín.